Pọ́n-ùn ni àbí náírà?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé èmi ni wọ́n ṣẹ̀: èmi ni mo jẹ gbèsè. Àbúrò mi obìnrin ni mo jẹ, n kò sì tíì san án tán.

Ìwó ni mo ti ń sin adìyẹ tó ń yé ẹyin. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ilé adìyẹ tí mo kọ́ ti wà lófìfo fún bí oṣù mẹ́ta, torí gbogbo owó ọwọ́ mi ti bá páànù àti wáyà lọ. Àbúrò mi wà ní Leeds nígbà yẹn, ó lọ kàwé, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó débẹ̀. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó ní kí n fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó fi ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn lé ẹnìkan lọ́wọ́ lọ́hùn-ún, ẹni náà mọ ẹnìkan tó ń ṣẹ́ owó ní Ìbàdàn, wọ́n ṣẹ́ ẹ ní 760, kí n sì tó kírun àlàásárì, 760,000 náírà ti wọ àkáǹtì mi.

Mo fi 600,000 ra adìyẹ 250 tó kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yé, 2,400 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi 160,000 tó kù ra oúnjẹ wọn, báàgì 32, 5,000 ni báàgì oníkílò 25. Ó lè dà bíi pé oṣù púpọ̀ ni báàgì 32 máa gbé wọn, àmọ́ kò tó oṣù kan, torí adìyẹ 250 á jẹ báàgì kan lé díẹ̀ lójúmọ́. Ẹ bá mi fi ìṣirò yìí sọ́kàn. Òun ló padà dójú tì mí.

A ò kọ ìwé kankan. Ta ló ń kọ̀wé fún àbúrò rẹ̀? Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn lọ sódò, tí mo san owó WAEC rẹ̀, tí kò pe orúkọ mi rí láyé, "Bọ̀dá mi" ló ń pè mí.

Oṣù mẹ́fà ni mo dá fún un. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, kéréètì méje ni mò ń kó lójúmọ́, 500,000 sì wà lọ́wọ́ mi. Mo kà á, mo tún un kà, mo wá fi ra adìyẹ mìíràn. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé ẹni tó wà nílùú òyìnbó, kí ló fẹ́ fi owó náírà ṣe? Kò pè mí sí i. Èmi náà kò pè é. Tó bá kí mi, á ní, "Bọ̀dá mi, ẹyin ńkọ́?" Màá ní à ń dúpẹ́. Mo rò pé ẹyin adìyẹ ló ń bèèrè.

Ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ owó la wá rí nǹkan. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2023 kò ní gbàgbé: owó wà ní báńkì, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó tútù sì làwọn ìyá tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ mi máa ń mú wá. Adìyẹ kò mọ̀ pé kò sí owó nílùú, ó ń yé lọ ní tiẹ̀. Ẹyin kún yàrá débi pé abẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ la kó kéréètì sí. Èyí tí mo ń tà ní 1,800, mo tà á ní 1,200, mo tún tà á láwìn. Kí ilé ẹjọ́ tó ga jù tó sọ ní oṣù kẹta pé a ṣì lè máa ná owó àtijọ́, adìyẹ ti jẹ mí tán. N kò tíì mí kanlẹ̀ tí wọ́n fi yọ owó ìrànwọ́ orí epo, oṣù tó tẹ̀ lé e, báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Àgbàdo wọ́n, sóyà wọ́n. N kò ní rojọ́ ìyẹn lọ títí, gbogbo wa la jọ wà ńbẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni mo tó rí 760,000 kó jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ tó wà nílé. Àyà mi kún, mo tiẹ̀ ra mááltì fún ara mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pè.

"Bọ̀dá mi, owó kí lèyí?"

"Owó rẹ ni. Mo ti san án pé."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Èyí tó kù ńkọ́, sà?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí àbúrò ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé "sà" yẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ó ní 2,100 ni wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn lọ́jọ́ yẹn, pé owó tí mo fi ránṣẹ́ kò ju 362 lọ. "Ẹ gba ẹgbẹ̀rún kan, ẹ dá 362 padà." Mo fàbínú yọ. Mo ní n kò fọwọ́ kan pọ́n-ùn rí láyé mi, náírà ni mo gbà, náírà ni mo san. Mo bi í pé ká ní náírà ló lágbára sí i, ṣé á gba iye tó dín sí 760,000? Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti pa á lẹ́nu mọ́. Ó kàn pa fóònù ni.

Láyé àtijọ́, ológò ni olówó máa ń rán sí ajẹgbèsè. Á wá jókòó sílé onígbèsè, á máa pariwo, á máa pa ẹran ọ̀sìn tó bá rí jẹ, kò sì ní kúrò títí owó á fi jáde. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ayé ti yí padà, torí ilé mi ni ológò ì bá ti jẹ adìyẹ yó. Ti èmi, inú fóònù ló wà: ohùn láàárọ̀, ohùn lálẹ́. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ wọn mọ́. Màmá wa ló gbọ́ ọ délé, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Wọ́n sọ ọ́ lójú ìyàwó mi.

Oṣù kọkànlá la jókòó nílé bàbá wa. Àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ àlùfáà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ló pe ìpàdé. Àbúrò mi wà lórí fóònù, a fi fóònù náà ti bútà tí Bàbá fi ń ṣe àlùwàlá. Bàbá bèèrè ìwé, ìwé kò sí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tó gùn jù nínú Kùránì pátá, ẹsẹ̀ 282 nínú Súrà Bákárà, kì í ṣe ti ìrun, kì í ṣe ti ààwẹ̀, ti gbèsè ni: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fọkàn tán ara yín ju bí Ẹni tó dá yín ṣe fọkàn tán yín lọ."

Àbúrò mi ní, "Bàbá, ìwé kò sí, àmọ́ ohùn wà."

Ó tan ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sí i ní 2022. Èmi ni lóòótọ́, àkùkọ aládùúgbò ń kọ lẹ́yìn mi. "Àbúrò mi àtàtà, jọ̀ọ́, bá mi wá ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn. Oṣù mẹ́fà péré. Bí pọ́n-ùn rẹ ṣe jáde ló máa padà bá ọ." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já láàárín, ó sì tún un tàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ara mi. Kò sẹ́ni tó wojú mi nínú ilé yẹn.

Ó wá sọ ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe. Físà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà tó bá jáde ni. Ní ọdún 2022 yẹn, 715 pọ́n-ùn ni ti ìwé, 624 ni owó ìlera lọ́dún kan, ọdún méjì sì ni: 1,963 lápapọ̀. Wákàtí 20 péré ni ìjọba wọn gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ lásìkò ẹ̀kọ́. Ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe, pọ́n-ùn mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni wákàtí kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: owó iṣẹ́ tó ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ ló kó fún mi, láìjẹ láìmu. Nígbà tí oṣù mẹ́fà kọjá, ó lọ bẹ àwọn tí wọ́n jọ ń dá àjọ, kí wọ́n jẹ́ kó kó tirẹ̀ ṣáájú. N kò gbọ́ èyí rí. N kò bèèrè rí.

Mo ṣì gbìyànjú. Mo ní bí mo bá san ju iye tó wọ àkáǹtì mi lọ, ṣé kò ní di èlé? Bàbá ní, "Èlé wo? Ohun tó o gbà ni wọ́n ní kó o dá padà." Mo wá ní ká fi owó sílẹ̀, ká fi ohun tí mo rà ṣe ìwọ̀n, mo rò pé ibẹ̀ ni màá gbà bọ́. Bàbá ní ó dáa, adìyẹ 250, èló ni báyìí? 8,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Mílíọ̀nù méjì nìyẹn. Báàgì oúnjẹ 32 ńkọ́? 13,500. Ọmọ mi obìnrin tó ń fi fóònù ṣírò ní, "Dádì, 2,432,000." Bí a bá fi adìyẹ ṣe é, gbèsè mi ju ti pọ́n-ùn lọ.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ká ṣírò pọ́n-ùn kan ní 1,500, pé òun náà mọ̀ pé nǹkan le. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ nìyẹn, ká yọ 760,000, ó ku 740,000, mo sì máa san 60,000 lóṣooṣù. Ọmọ mi kọ ọ́ sínú ìwé iléèwé rẹ̀, lẹ́yìn ojú ìwé ìṣirò, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i.

Mo ti san ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Ó ku 260,000. Bí mo bá ti sanwó, màá fi fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́, á fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn, ó parí. Owó oúnjẹ Màmá tó máa ń gba ọwọ́ mi kọjá tẹ́lẹ̀, àbúrò wa ọkùnrin ló ń fi ránṣẹ́ sí báyìí. Màmá kò sọ fún mi. Ìgbà tí mo gbé ìrẹsì lọ bá wọn ni mo rí i pé ìrẹsì ti wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, mo ya fọ́tò kéréètì tí a kó láàárọ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i láìkọ nǹkan kan sí i. Ó ti rí i. Kò tíì fèsì.