Ewé inú òkúta ní Longyearbyen

Yìnyín ni gbogbo ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti dé Svalbard, àwọn erékùṣù Norway ní òkè àríwá ayé. Bọ̀dá mi pè láti Ìbàdàn láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ṣé mo ti rí èyí tó ga bí ilé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i o, àmọ́ òkúta ni mo bá wá." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Kò sí igi kankan tó nàró níhìn-ín, nítorí náà kò sí ohun tó bo òkè lára. Nílé, bí kì í bá ṣe ibi bíi Ìdànrè tàbí Olúmọ, àfi kí èèyàn gbẹ́ kànga kó tó mọ irú àpáta tó wà lábẹ́ òun. Níbí, láti ojú fèrèsé, mo ń wo ìpele lórí ìpele: yanrìn tó di òkúta, ẹrẹ̀ tó di òkúta, èédú tó ṣe tínrín láàárín wọn.

Lónìí a lọ sórí òkìtì òkúta tí Longyearbreen, yìnyín ńlá tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí odò, tì síwájú. Ẹni tó ṣamọ̀nà wa gbé ìbọn kọ́ èjìká nítorí béárì funfun, ó sì pín òòlù fún wa. Mo lu òkúta pẹlẹbẹ kan létí, ó là, ewé ló wà nínú rẹ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Iṣan àárín rẹ̀ gún régé, àwọn wẹ́wẹ́ ya títí dé etí, ibì kan sì wà tó jọ pé kòkòrò ti jẹ níbẹ̀.

Ẹnì kan nínú wa ní, "Ṣé ẹ rí i, agbedeméjì ayé ni ibí wà nígbà náà." Ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ lẹ́nu àwọn àlejò, ṣùgbọ́n ó ń da ìgbà méjì pọ̀. Lóòótọ́, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 380 ọdún sẹ́yìn, ìtòsí agbedeméjì ayé ni ilẹ̀ yìí wà. Igbó àtijọ́ tí wọ́n rí ní Munindalen, àfonífojì kan ní Svalbard níbí, ti ìgbà yẹn ni. Ilẹ̀ sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí àríwá. Ewé ọwọ́ mi kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀ rárá: mílíọ̀nù 50 sí 60 ọdún ni. Nígbà yẹn ilẹ̀ yìí ti wọ àríwá jìnnà, oòrùn kì í yọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lásìkò òtútù. Ayé fúnra rẹ̀ ló móoru. Pé ilẹ̀ rìn, ó yé mi. Igbó odidi tó ń wọ́wé, tó dúró sínú òkùnkùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìyẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Irà inú irú igbó bẹ́ẹ̀ ló di èédú, èédú ló sì dá ìlú yìí sílẹ̀. John Munro Longyear, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ èédú níbí ní 1906, iléeṣẹ́ Store Norske ti Norway rà á ní 1916. Gruve 7, ihò èédú tó kẹ́yìn tí Norway ń wà, tì ní 2025. Síbẹ̀, a ṣì ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì, àṣà tó kù láti ìgbà eruku èédú.

Inú òkúta yanrìn, lókè pápákọ̀ òfurufú, ni wọ́n gbẹ́ ilé ìpamọ́ irúgbìn àgbáyé sí, tí wọ́n ṣí ní 2008. Ẹ̀wà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, wà níbẹ̀. Mo sọ fún bọ̀dá mi. Wọ́n ní ta ni yóò rí i sè nínú òtútù yẹn.

Agogo mọ́kànlá alẹ́ nìyí, oòrùn ṣì ń ràn. Bí òkun bá rọ̀ lọ́la, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé wa lọ sí Pyramiden, ìlú èédú àwọn ará Rọ́ṣíà tó ti dahoro. Ibi tí ilẹ̀ ti ya lulẹ̀ gba ìtòsí ibẹ̀ kọjá: òkúta ìgbà agbedeméjì ayé wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, òkúta ẹfun àti jípúsọ́ọ̀mù ní ìlà-oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ni mo máa jókòó sí.