Ọ̀rọ̀ Keating ló ká mi lára

Mo parí The Fountainhead lálẹ́ àná. Ìwé ìtàn àròsọ ńlá ni, àsọjù sì pọ̀ nínú rẹ̀: bí àwọn kan bá ti la ẹnu níbẹ̀, wọn kì í dákẹ́ bọ̀rọ̀. Ayn Rand, ọmọ Rọ́ṣíà tó wá sí Amẹ́ríkà ní 1926, ló kọ ọ́. 1943 ló jáde.

Howard Roark ni gbogbo ayé ń pariwo, ayàwòrán ilé tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iṣẹ́ òun. Ó gbójú lóòótọ́. Owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí báńkì kan gbé iṣẹ́ ńlá fún un. Wọ́n kàn ní kí wọ́n fi òpó bíi ti àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ sí iwájú ilé náà ni. Ó kọ̀. Ó ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa, ó gba Connecticut lọ, ó ń fọ́ òkúta ní kúárì. Ká má purọ́, èmi ì bá ti gba òpó yẹn. Ti ilé tó fi dáínámáìtì fọ́, tí kóòtù sì dá a sílẹ̀, n kò ráyè ìyẹn lónìí.

Peter Keating, ayàwòrán ilé mìíràn nínú ìwé náà, ni kò jẹ́ kí n sùn. Àwòrán kíkùn ló wù ú láti kékeré. Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ kó máa yàwòrán ilé. Kò nà án, kò pariwo lé e lórí, ó kàn ń rọra darí rẹ̀ ni, títí dórí ọ̀rọ̀ ìyàwó. Keating lówó, ó lókìkí. Nígbà tí ìgbà rẹ̀ lọ, ó wá ahéré kan tó jìnnà sí ìlú, ó ń kun àwòrán níbẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ó kó wọn lọ han Roark bí ọmọ iléèwé tó kó iṣẹ́ lọ bá tíṣà. Roark wò wọ́n, ó rọra ní ó ti pẹ́ jù. Keating mi orí, ó ní òun náà kúkú mọ̀.

Mo mọ irú Keating bẹ́ẹ̀ mélòó kan. Àwọn òbí wọn ò ṣe é pẹ̀lú èrò ibi.

Ibi tí èmi àti Rand ti yapa nìyí: Roark ò ní mọ̀lẹ́bí kankan tí a rí. Ó rọrùn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti dá dúró. Rand alára kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé 12 ló kọ̀ láti tẹ ìwé náà kó tó dé Bobbs-Merrill, níbi tí olóòtú kan, Archibald Ogden, ti fi iṣẹ́ rẹ̀ wewu kí ọ̀gá rẹ̀ lè gbà á. Lẹ́yìn ọdún 25, Rand fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé alẹ́ ọjọ́ kan wà tí ayé sú òun, tí ìwé náà fẹ́ dúró, tí ọkọ òun, Frank O'Connor, sì bá òun sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọkọ yìí ni Rand ya ìwé náà sọ́tọ̀ fún. Irú alẹ́ yẹn kan ṣoṣo ni ì bá fún Roark, kí n lè gbà pé ènìyàn ni.