Ohun Tí Wọ́n Kà Ni Wọ́n Ń Ṣe: Bí Mo Ṣe Ṣọdún Àgọ́ ní Jerúsálẹ́mù

Ní London tí mò ń gbé yìí, mo ní ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́, nọ́ọ̀sì bíi tèmi, Júù ni. Ó ti pẹ́ tá a ti jọ ń pààrọ̀ ṣíìfù, èmi á bá a ṣe ti Sátidé nítorí Sábáàtì, òun náà á bá mi ṣe ti Sọ́ńdè kí n lè ráyè lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ Tórà ti wọ àárín wa. Tó bá ti di Fúráìdè á sọ fún mi ibi tí wọ́n máa kà ní sínágọ́gù lọ́sẹ̀ yẹn, torí wọ́n ti pín Tórà, ìyẹn ìwé márààrún tí Mósè kọ, sí apá 54, ọdún kan ni wọ́n fi ń kà á yí po, èmi náà á ṣí Bíbélì mi nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá ń darí relé. Nígbà tó wá sọ pé kí n wá bá òun àtàwọn òbí òun ṣọdún ní Jerúsálẹ́mù ní October 2022, kíá ni mo ti dá a lóhùn pé mò ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ẹni tó ti lọ Jerúsálẹ́mù, tó dé odò Jọ́dánì, tó sì kọ JP (Jerusalem Pilgrim) sẹ́yìn orúkọ nígbà tó dé. Ìrìnàjò yẹn dára, màmá mi náà lọ ọ́. Ṣùgbọ́n tèmi yìí yàtọ̀ díẹ̀, inú ilé ni mo wọ̀, ibi tí wọ́n ti ń gé ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti ń fọ abọ́ ni mo ti rí Tórà, ohun tó sì wọ̀ mí lára jù lọ nìyí: ohun tí wọ́n bá kà nínú ìwé, wọ́n á dìde lọ fọwọ́ ṣe é. Àwa máa ń gbọ́ ìwàásù, a máa ń ṣe àmín tó rinlẹ̀, a sì máa ń lọlé. Àwọn, tí ìwé bá ní ẹ gbé inú àgọ́, wọ́n á lọ wá òòlù.

Mo ti débẹ̀ kó tó di Ọjọ́ Ètùtù, torí lọ́jọ́ yẹn ọkọ̀ òfuurufú kì í balẹ̀ kì í sì í gbéra ní pápákọ̀ Ben Gurion, wọ́n máa ń ti ibẹ̀ pa. Wákàtí 25 ni wọ́n fi ń gbààwẹ̀, kò sóúnjẹ, kò sómi. Ṣùgbọ́n kí ààwẹ̀ tó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, màmá ọ̀rẹ́ mi jókòó ti fóònù nínú kíṣìnnì, wọ́n ń pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tọrọ àforíjì. Mi ò gbọ́ Hébérù, àmọ́ mo mọ ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹnì kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fóònù tí wọ́n tún gbé e sílẹ̀, wọ́n nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó tún gbé e, ọ̀rẹ́ mi wá yọ́ sọ fún mi pé ìyàwó àbúrò dádì òun ni, pé láti ìgbà ìsìnkú kan ni wọn ò ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Nígbà tí màmá parí ìpè yẹn wọ́n kàn jókòó, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní ká wá jẹun kí oòrùn tó wọ̀.

Àwọn àgbà wọn ló fi í lélẹ̀ láti ayé ọjọ́un pé ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín èèyàn àti Ọlọ́run, Ọjọ́ Ètùtù á wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín èèyàn sí èèyàn, ọjọ́ yẹn ò lè wẹ̀ ẹ́ àfi téèyàn bá kọ́kọ́ lọ tu ẹni tó ṣẹ̀ lójú. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yìí gún mi. Mélòó nínú wa ló ti sọ pé “mo ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́” nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà onítọ̀hún wà nínú fóònù wa, ká ṣáà tẹ̀ ẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, títì dá páropáro, kò sí mọ́tò kankan àyàfi ti ìlera tàbí ti ọlọ́pàá, àwọn ọmọdé gun kẹ̀kẹ́ gba àárín ọ̀nà. Ní àárọ̀, àsìkò tí ebi ti ń pa gbogbo èèyàn, wọ́n ka ibi tí Aísáyà ti sọ pé ààwẹ̀ tí Ọlọ́run yàn ni kéèyàn pín oúnjẹ ẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa, kó bo ẹni tó wà níhòòhò. Ọjọ́ ààwẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ka èyí o! Lọ́sàn-án wọ́n wá ka ìwé Jónà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ rántí pé ìbéèrè ni ìwé yẹn fi parí, Ọlọ́run ń bi Jónà pé ṣé kò yẹ kóun ṣàánú ìlú ńlá bíi Nínéfè àti ẹran ọ̀sìn inú ẹ̀ ni, Jónà ò sì dáhùn.

Bí wọ́n ṣe fun ìwo àgbò lálẹ́ tí ààwẹ̀ parí, a jẹ díẹ̀, kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kò kò kò láti ilé kejì, láti òkè, láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti ń kan àgọ́. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Tishrei ni Ètùtù, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni Àjọ Àgọ́ máa bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì bẹ̀rù Ọlọ́run gidi máa ń fẹ́ kan ìṣó kan ó kéré tán kó tó sùn lóru ọjọ́ yẹn, kó lè ti inú iṣẹ́ Ọlọ́run kan bọ́ sínú òmíì. Ẹni tí ò jẹun láti àná ló gun àga tó ń kan pákó yẹn.

Kó tó di ọjọ́ àjọ, bàbá ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sọ́jà ibi tí wọ́n ti ń ta irúgbìn mẹ́rin tó wà nínú Léfítíkù orí 23, nítòsí ọjà ńlá Mahane Yehuda. Ẹ ò rí èrò! Etrog ló gba àsìkò wa jù, èso kan ni tó jẹ́ ìbátan òroǹbó, awọ ẹ̀ nípọn ó sì rí ṣákiṣàki, òórùn ẹ̀ dùn dé inú ọpọlọ. Bàbá mú ọ̀kan, wọ́n yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, wọ́n yọ awò kékeré kan jáde lápò, wọ́n ń wo ara ẹ̀ bí dókítà tó ń wo ojú aláìsàn, bóyá ibì kan ní àmì dúdú, bóyá ṣóńṣó tó wà lórí ẹ̀ ti kán. Wọ́n dá a padà. Wọ́n mú òmíì. Ẹni tó ń tà á ò bínú, ó kàn ń ti pákó èso náà sún mọ́ wa. Etrog kan ṣoṣo lè lé ní ṣékélì 100, èyí tí wọ́n mú níkẹyìn sì wọ́n gan-an.

Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ra lulav, ìyẹn màrìwò ọ̀pẹ déètì tí ò tíì ṣí, wọ́n ra ẹ̀ka mírtílì mẹ́ta àti ẹ̀ka wílò méjì tó ń hù létí odò. Wílò yẹn, ṣe ni wọ́n fà á yọ nínú báàgì ọ̀rá, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Ìgbà tá à ń bọ̀ ni bàbá wá ṣàlàyé fún mi lọ́nà. Wọ́n ní etrog dùn lẹ́nu ó tún ń ta sánsán, òun dúró fún ẹni tó mọ Tórà tó tún ń ṣe rere. Ọ̀pẹ déètì lèso tó dùn àmọ́ kò ní òórùn, ẹni tó mọ̀wé tí iṣẹ́ rere ẹ̀ ò pọ̀ nìyẹn. Mírtílì ń ta sánsán kò ṣeé jẹ, ẹni tó ń ṣe rere láì mọ̀wé ni. Wílò ò ní adùn kò ní òórùn, ó ní èèyàn tó dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró lójú ọ̀nà, wọ́n gbé ọ̀rá wílò yẹn sókè, wọ́n ní “Ọmọ mi, tí eléyìí ò bá sí níbẹ̀, gbogbo owó tí mo san lórí etrog, mo sọ ọ́ nù ni, mi ò lè fi ṣe nǹkan kan.”

Torí òfin ẹ̀ nìyẹn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹbí wo ni ò ní wílò? Àwa náà ní bọ̀ọ̀dá kan nílé wa tí kò ṣiṣẹ́, tí kò kàwé, tó jẹ́ pé tá a bá fẹ́ ṣèpàdé ẹbí àwọn kan á ní ẹ má pè é, kò ní nǹkan kan tó fẹ́ mú wá. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni mo ń rò títí a fi délé.

Àgọ́ tiwọn wà lórí báńkónì. Ògiri lè jẹ́ pákó, ó lè jẹ́ aṣọ, orí òrùlé lòfin pọ̀ sí, ewé tàbí ẹ̀ka tí wọ́n ti gé kúrò lára igi ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ibòòji ẹ̀ gbọ́dọ̀ ju oòrùn lọ, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ kéèyàn lè rí ìràwọ̀ láàárín ẹ̀ lálẹ́. Òrùlé ẹlòmíì ò sì gbọ́dọ̀ wà lókè ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ báńkónì ilé kan níbẹ̀ ní ọ̀kan sápá ọ̀tún ọ̀kan sápá òsì, kí ti ẹni òkè má baà dí ojú ọ̀run mọ́ ẹni ìsàlẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n tò sórí tiwọn, bí mo ṣe wọ abẹ́ ẹ̀ àfi bíi pé mo wà lábẹ́ àtíbàbà ìnáwó nílé. Ibẹ̀ la ti jẹun fún ọjọ́ méjèèje, wọ́n gbé ọbẹ̀ gbóná jáde láti kíṣìnnì gba ojú wíńdò, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ abẹ́la, àwọn ará òkè ń kọrin, àwọn ará ìsàlẹ̀ ń gbè é.

Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni àsìkò tí àjọ yìí bọ́ sí. Ìgbà ìkórè ni, ìgbà tí àká kún, tí ọkàn èèyàn balẹ̀ jù, ìgbà yẹn gan-an ni ìwé ní ẹ jáde nínú ilé tẹ́ ẹ fi bíríkì kọ́, ẹ lọ jókòó sábẹ́ ewé, kẹ́ ẹ rántí pé inú àgọ́ làwọn bàbá yín gbé nínú aginjù, kẹ́ ẹ sì máa yọ̀. Ní Sátidé àárín àjọ, October 15, wọ́n tún wá ka ìwé Oníwàásù, asán inú asán. Ẹni tó kọ́lé ńláńlá tó gbin ọgbà tó kó wúrà jọ ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yẹn o, inú àgọ́ tí atẹ́gùn ń mì la sì wà tá à ń sọ nípa ẹ̀.

Ibẹ̀ lọkàn mi ti lọ sí Ìbàdàn. Èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́lé fún màmá wa, ó ti pẹ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìgbà tí màmá bá ní kí gbogbo wa wálé ká jọ jókòó, ìdáhùn wa ò ju “ẹ jẹ́ kílé parí ná” lọ. Táìlì ló kù, lẹ́yìn ìyẹn ó ku géètì, lẹ́yìn ìyẹn ó ku ọ̀dà. Màmá ò sì kéré mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn nígbà tí Sábáàtì ti parí mo kọ̀wé sórí WhatsApp ẹbí wa pé ní December ká wálé, ká pàgọ́ sójú ilẹ̀ tó wà níwájú ilé yẹn, ká sè, ká jẹ, géètì á bá wa níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n pe bọ̀ọ̀dá yẹn náà.

Ọdún 2022 tún ní ohun kan tó yàtọ̀. Ọdún tuntun àwọn Júù tó bẹ̀rẹ̀ ní September ọdún yẹn ló tẹ̀lé ọdún keje tí Tórà ní kí ilẹ̀ sinmi, Diutarónómì orí 31 sì sọ pé lẹ́yìn ọdún keje, nígbà Àjọ Àgọ́, kí wọ́n kó gbogbo èèyàn jọ, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, àti àlejò tó wà nínú ìlú, kí wọ́n ka òfin sí wọn létí. Wọ́n ṣe ìrántí ẹ̀ níbi Ògiri Ẹkún lọ́dún yẹn. Èmi àlejò náà dúpẹ́ pé orúkọ àlejò wà níbẹ̀.

October 17 ni wọ́n ṣe Simchat Torah, ayọ̀ Tórà. Kò sí fọ́tò tí mo lè fi hàn yín torí wọn kì í tẹ fóònù lọ́jọ́ mímọ́. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ni èmi àti màmá jókòó sí, a ń wo àwọn ọkùnrin tó gbé ìwé kíká Tórà mọ́ àyà tí wọ́n ń jó yí sínágọ́gù po lẹ́ẹ̀meje, àwọn bàbá arúgbó ń jó, àwọn ọmọ wà léjìká àwọn dádì wọn. Nígbà tó yá wọ́n pe gbogbo ọmọdé jọ, wọ́n ta aṣọ àdúrà ńlá kan bò wọ́n lórí, àgbà kan ka ìwé lórúkọ gbogbo wọn. Wọ́n wá ka ìparí Diutarónómì, Mósè rí ilẹ̀ ìlérí lókèèrè, kò débẹ̀, ó kú, ẹnikẹ́ni ò mọ ibojì ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ṣí ìwé kejì: Ní àtètèkọ́ṣe. Wọn ò jẹ́ kí ìjókòó ọjọ́ yẹn tú lórí ikú. Màmá fọwọ́ kàn mí, wọ́n ní láti kékeré làwọn ti ń gbọ́ ibí yìí, ọdọọdún ló ń bá ibi tuntun nínú ayé àwọn.

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gbàdúrà nípa òjò, torí òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ẹ̀ nínú àdúrà ojoojúmọ́ o, ó di ọjọ́ keje oṣù tó tẹ̀ lé e. Mo bi í pé kí ló dé, ṣebí àgbẹ̀ ń retí òjò. Ó ní láyé ìgbà tí tẹ́ńpìlì ṣì wà, àwọn èèyàn máa ń fẹsẹ̀ rìn wá ṣe àjọ yìí láti ọ̀nà jíjìn, ẹni tílé ẹ̀ jìnnà jù wá láti etí odò Yúfírétì, ọjọ́ 15 ni wọ́n fún un kó tó délé. Gbogbo ilẹ̀ Ísírẹ́lì á dúró, wọn ò ní tọrọ òjò, kí òjò má baà pa ẹni tó gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà. Tẹ́ńpìlì ti wó láti ọdún 70, kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Yúfírétì mọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń dúró dè é.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tọ́jọ́ yẹn pé, November 1, ọ̀rẹ́ mi kàn yọjú sí wọ́ọ̀dù wa, ó ní “Ó ti délé o.” Nínú ìpàdé àdúrà wa ní London níbí, ìyá àgbà kan wà tí wọ́n máa ń wọ bọ́ọ̀sì méjì relé, aago mẹ́jọ alẹ́ la sì máa ń parí. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn síwájú àwọn ará lọ́sẹ̀ yẹn, a jọ sọ ọ́ dáadáa, aago mẹ́ta ọ̀sán la ń bẹ̀rẹ̀ báyìí.