Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́, Ẹ Ka Ìwé Yín

Mo wà lára àwọn tó ń ṣírò owó oṣù fáwọn òṣìṣẹ́ ní Leeds, nílùú Ọba. Bí oṣù bá ti ń parí, ọ̀dọ̀ wa làwọn èèyàn máa ń sáré bọ̀. Ọmọ Yorùbá kì í sì í wọ́n nínú wọn. Èmi ni wọ́n máa ń fà sí kọ̀rọ̀: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Nígbà tí mo wálé sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kérésì, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ náà ló ń dúró dè mí. Àbúrò mi ọkùnrin ti parí ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iléeṣẹ́ kan ní Ìbàdàn sì fẹ́ gbà á. Èyí obìnrin ń múra àtiwá kàwé sí i nílùú Ọba, ó sì fẹ́ máa ṣiṣẹ́ mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé irú wọn kún Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ohun tá a jọ sọ síbí.

Iye owó ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Kò burú. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ kọ́ ló ń wọ báńkì. Ẹni tó bá ti ka èyí tó wà nínú ìwé fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù ti jẹ gbèsè. Ìyá á sọ fún àbúrò bàbá, àbúrò bàbá á sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kílẹ̀ tó ṣú, owó tí ẹ ò tíì rí ti di sìmẹ́ńtì àti owó iléèwé ọmọ ẹlòmíì. Èyí tó bá wọlé gan-an ni kẹ́ ẹ sọ, bí ẹ bá tiẹ̀ máa sọ iye kankan.

Nílùú Ọba, èèyàn lè gba 12,570 pọ́n-ùn lọ́dún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó orí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé 1257L ni kóòdù owó orí tó máa ń wà lórí payslip, ìyẹn ìwé àlàyé owó oṣù, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ọmọkùnrin kan mú payslip rẹ̀ àkọ́kọ́ wá bá mi, ó ti ká a wẹ́wẹ́ sínú àpò, ó sì dá a lójú pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ torí pé òun jẹ́ àlejò. 0T ni mo rí níbi tó yẹ kí 1257L wà, èyí tó túmọ̀ sí pé àtorí pọ́n-ùn àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń yọ owó orí. Wọ́n ti fún un ní fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tó wọlé, kò kọ ọ́. Wọ́n bi í bóyá ó ní P45, kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú sì tì í láti béèrè. Bẹ́ẹ̀, ìwé tí ibi iṣẹ́ àtijọ́ máa ń fúnni ni P45. Níbo lẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti máa rí i? Nígbà tí wọ́n tún kóòdù náà ṣe, owó tí wọ́n ti yọ láyọjù bá owó oṣù rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọlé.

Ìtìjú yẹn ni mo bá àwọn àbúrò mi sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa, a kì í da ìbéèrè bo àgbà. Ọ̀gá á sọ̀rọ̀, a ó ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà," a ó wá lọ máa ronú ohun tó sọ. Ní ọ́fíìsì, ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n gbà pé ó ti yé e nìyẹn. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀kọ́ ilé sílẹ̀ o. Ẹ kúnlẹ̀ kí ọ̀gá tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Nígbà tí mo dé orí owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Ọ̀dọ́ tí kò tíì gbowó oṣù àkọ́kọ́, ìfẹ̀yìntì wo? Mo ní kí wọ́n gbọ́ ná. Nílùú Ọba, òṣìṣẹ́ tó bá ti pé ọmọ ọdún 22, tí owó rẹ̀ ju 10,000 pọ́n-ùn lọ lọ́dún, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sínú ètò náà, kó sì dá ó kéré tán ìdá 3 nínú 100 sí i. Ẹ lè ní ẹ ò ṣe, àmọ́ owó ọ̀gá náà ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn. Lórí ìwé, ti Nàìjíríà tún dáa jù ú lọ: òfin ọdún 2014 ní kí ọ̀gá san ìdá 10, kí òṣìṣẹ́ san 8, níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 15, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì máa yan PFA, ìyẹn iléeṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú owó náà. Mo ní "lórí ìwé" torí pé àwọn ọ̀gá kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á yọ ìdá 8 ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò ní fi ránṣẹ́. Àfi kẹ́ ẹ máa yẹ àkáǹtì náà wò fúnra yín.

Gbogbo ìgbà yìí, bàbá wa àgbà wà lórí àga wọn, wọ́n ń jẹ ọkà láfún wọn, a rò pé wọn ò gbọ́. Tamale ni bàbá ti tajà nígbà ọ̀dọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ lápá òkè Gánà láyé ọjọ́un: àbúrò á tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n lọ, á bá a gbẹ́rù kiri ọjà títí ọjà á fi yé e, ẹ̀gbọ́n á wá kó ọjà díẹ̀ fún un láwìn kó fi dá dúró. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ní November 1969, ìjọba Busia tó wà lórí àlééfà ní Gánà nígbà náà ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ. Bàbá ní ọjà tó kù ní ìsọ̀ kọ́ ló dun àwọn tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe owó tó wà lọ́wọ́ oníbàárà. Ta lo fẹ́ lọ sin lówó nígbà tó ò ń wá àyè nínú lọ́rì?

Wọ́n wá yíjú sí àbúrò mi: "Ìwé tí wọ́n fún ẹ ńkọ́? Gbé e wá."

Orí fóònù ló wà. Ojú ewé tí wọ́n kọ iye owó sí nìkan ló ti kà. A jókòó, mo ń kà, mò ń túmọ̀ fún bàbá. Oṣù mẹ́fà ni wọn yóò fi dán an wò. Ó dáa. Lápá ìsàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé ọdún méjì, yóò san owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ padà. Wọn ò kọ iye rẹ̀. Bàbá ní, "Èló?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àbúrò mi ní bóun bá béèrè, wọ́n á sọ pé òun ti ń ronú àtilọ. A fi ìrọ̀lẹ́ kọ lẹ́tà ìlà mẹ́ta sí wọn. Wọ́n dáhùn, wọ́n kọ iye náà síbẹ̀, ó sì tọwọ́ bọ̀wé. Kò sẹ́ni tó bínú sí i.

Ti àbúrò mi obìnrin ò gùn. Mo ní kó ka ohun tó wà lórí fisa rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ò gbọ́dọ̀ ṣe ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, láti Monday sí Sunday ni wọ́n sì ń kà á, kò sí pé kéèyàn ṣe 15 lọ́sẹ̀ yìí kó wá ṣe 25 lọ́sẹ̀ kejì. Ó ní irun dídì ńkọ́, ṣé òun lè máa di irun fáwọn èèyàn ní yàrá òun? Mo ní rárá, fisa akẹ́kọ̀ọ́ ò gbà kéèyàn máa ṣe òwò ara rẹ̀. Ó ní òfin burúkú ni. Mo ní èmi kọ́ ni mo ṣe é. Kó wá ṣọ́ọ̀bù onírun tó máa gbà á síṣẹ́, tó máa fún un ní payslip, kó sì ka wákàtí ibẹ̀ mọ́ 20 náà.