Kọ́kọ́rọ́ kan tí kò sí lára pátákó

Mo ti gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ààbò kí n tó mọ iṣẹ́ ààbò. Alẹ́ tí a wá kọ́kọ́rọ́ kan tì ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Iléeṣẹ́ ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní accelerator, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń fi agbára iná mú èérún àtọ́ọ̀mù sáré títí eré rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Ìṣàn èérún yẹn là ń pè ní bíìmù. Bí bíìmù bá ti ń sáré, ẹ̀dá alààyè kankan kò gbọ́dọ̀ sí nínú ihò tí ẹ̀rọ náà wà. Nítorí náà, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, ẹni méjì á wọlé, wọ́n á rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, wọ́n á wo gbogbo kọ̀rọ̀, wọ́n á sì máa tẹ àwọn bọ́tìnì ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kọjá, títí wọ́n á fi jáde tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá fo bọ́tìnì kan, ẹ̀rọ kò ní gbà. Kọ́kọ́rọ́ tún wà: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ yọ ọ̀kan lára pátákó ẹnu ọ̀nà kó fi sápò. Àfi tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ bá padà sí àyè wọn ni bíìmù tó lè jáde.

Alẹ́ ọjọ́ náà, n kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti rẹ̀ mí, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fẹ́ lo bíìmù sì ti ń pe yàrá ìdarí lemọ́lemọ́. Èmi àti ẹnì kejì mi rìn, a tẹ gbogbo bọ́tìnì bó ti yẹ, a jáde. A wo pátákó: kọ́kọ́rọ́ kan kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ní àfàìmọ̀ kí ẹni tó mú un má ti gbé e lọ sílé, pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, pé kọ́kọ́rọ́ mìíràn wà tí a lè fi dí àyè rẹ̀. Èmi náà ti fẹ́ gbà. Ọ̀gá mi, tí wọ́n ti lò ju ogún ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní, “Tẹ̀ lé mi.”

A bá ọkùnrin náà lábẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì kan, lẹ́yìn òkìtì kọnkéré, ó nà gbalaja, ó ń tún ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ ṣe. Ó fi ìbòtí bo etí nítorí ariwo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gbọ́ áláàmù, kò sì gbọ́ ẹsẹ̀ wa. Mo ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú. Bọ́tìnì tí mo tẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà.

Ọ̀gá mi kò bá mi wí lójú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó ku àwa méjì ni wọ́n tó sọ pé, “Bọ́tìnì kọ́ ni mo rán ọ lọ wò.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ibi tí ewu iṣẹ́ wa wà. Gbogbo èèyàn ló bẹ̀rù bíìmù, ìdí nìyẹn tí ògiri, ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ àti áláàmù fi pọ̀ lórí rẹ̀. Ìgbà tí a bá gbà pé ẹ̀rọ ti sùn, tàbí pé ohun tó ń ṣọ́ wa kò lè sùn, ni nǹkan ń bàjẹ́. Lọ́jọ́ 13 oṣù keje ọdún 1978, ní Protvino ní Rọ́ṣíà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Anatoli Bugorski tẹ orí bọ inú accelerator kan tí wọ́n ń pè ní U-70 láti wo ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ohun ìdáàbòbò kò ṣiṣẹ́, bíìmù sì wà nínú ẹ̀rọ. Ó gba ẹ̀yìn orí rẹ̀ wọlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ jáde. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú, ó tún parí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀, ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ mọ́, apá kan ojú rẹ̀ sì rọ. Bí mo bá ń kọ́ àwọn tuntun, orí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni mo máa ń pẹ́ sí jù, nítorí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó gbà pé àmì tí òun ń wò ń sọ òótọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n bá pa bíìmù, ìtànṣán olóró (radiation) tó ń jáde tààrà á dúró lẹ́sẹ̀ kan náà. Àmọ́ àwọn irin, kọnkéré àti afẹ́fẹ́ tí bíìmù ti kàn á ṣì máa tú ìtànṣán tiwọn jáde. Àwọn ohun olóró kan tí bíìmù ń dá sílẹ̀ kì í pẹ́: ọ́síjìn-15 á dín sí ìdajì láàárín ìṣẹ́jú 2, náítírójìn-13 láàárín ìṣẹ́jú 10. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró kí a tó ṣílẹ̀kùn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú níbẹ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ onísùúrù: kóbáltì-60 tó wà nínú irin á gba ọdún 5 lé díẹ̀ kó tó dín sí ìdajì. Báàjì tí ẹ fi sáyà kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ó kàn ń kọ ohun tó ti bá yín sílẹ̀ ni. Ìwọ̀n tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìtànṣán, ICRP, fi lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ni 20 millisievert (ohun tí a fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara) lọ́dún, ìyẹn ìpíndọ́gba ọdún márùn-ún. Èmi kì í ronú sí 20 yẹn rárá. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé ìṣẹ́jú mélòó ni mo lè yọ kúrò nínú iṣẹ́ yìí? A máa ń to irinṣẹ́ sílẹ̀ níta, a máa ń fi ẹ̀yà ẹ̀rọ tí kò ní ìtànṣán dánra wò títí ọwọ́ á fi mọ́ ọn. Mo ti rí ẹni tó gba ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó gbà nítorí pé sípánà tó mú wọlé kò bá nọ́ọ̀tì mu.

N kò ní purọ́ fún yín, gáàsì ló ń bà mí lẹ́rù ju ìtànṣán lọ. Mágínẹ́ẹ̀tì àwọn ẹ̀rọ ńlá máa ń fẹ́ òtútù tó burú jáì, hílíọ̀mù olómi la sì fi ń tù wọ́n. Ìwọ̀n 269 Celsius nísàlẹ̀ òdo ló ti ń hó. Lítà kan rẹ̀, tó bá ti di gáàsì, á di nǹkan bíi 750 lítà. Náítírójìn olómi kò jìnnà sí i: lítà kan á di nǹkan bíi 700. Inú yàrá kan náà ni gbogbo rẹ̀ á tú sí, ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ ni yóò sì tì dànù. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní ọ́síjìn ìdá 20.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ áláàmù sì máa ń ké tó bá di 19.5. Kí ló dé tí wọ́n ò fi fi í sílẹ̀ kí àwa fúnra wa mọ̀ ọ́n lára? Nítorí a kì í mọ̀ ọ́n lára. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́síáìdì tó bá kún àyà ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé èémí ń há òun, àwọn gáàsì yìí kì í sì í dí i lọ́wọ́ láti jáde. Èèyàn á máa mí dáadáa, yóò kàn ṣubú ni. Ẹni tó bá sá wọlé láti fà á jáde láìgbé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ dání á ṣubú lé e. Ẹ rántí pé hílíọ̀mù máa ń lọ sókè, náítírójìn tútù sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, nítorí náà ibi tí a bá gbé ẹ̀rọ awọ́síjìn, ìyẹn èyí tó ń wọn ọ́síjìn inú yàrá, kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà.

Ní yàrá kan lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ awọ́síjìn máa ń ké láàárọ̀ kùtùkùtù. A ní ó ti gbó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á tẹ̀ ẹ́ pa, á lọ jókòó. Èmi náà tẹ̀ ẹ́ pa lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin kan tó ń tọ́jú yàrá náà ló fi ìbínú béèrè pé tó bá gbó lóòótọ́, kí ló dé tí kì í ké lọ́sàn-án? Nígbà tí a tú páìpù náítírójìn yẹ̀ wò, fáàfù kan ń jò díẹ̀díẹ̀. Fáànù yàrá náà sì máa ń kú lóru láti dín owó iná kù. Gbogbo àárọ̀ tí a pè é ní arúgbó, òótọ́ ló ń sọ fún wa.

Lọ́jọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, iná ṣẹ́ níbi ìsopọ̀ kan láàárín mágínẹ́ẹ̀tì méjì ní LHC, ẹ̀rọ tí ihò rẹ̀ gùn tó kìlómítà 27 lábẹ́ ilẹ̀ Faransé àti Switzerland. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6 hílíọ̀mù ló tú jáde, mágínẹ́ẹ̀tì 53 ni wọ́n ní láti gbé jáde tún ṣe, ipá rẹ̀ sì ṣí àwọn mìíràn nídìí. Kò sí ẹni tó fara pa, nítorí òfin ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fún mágínẹ́ẹ̀tì ní iná. Mo máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá ń ráhùn pé a ń lé òun jáde nítorí ìdánwò lásán. Ìdánwò lásán ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà.

Ní ti iná ẹlẹ́tíríìkì, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Kapásítọ̀, ohun tó ń kó iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ, máa ń di iná mú lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Ẹ fi àgádágodo tara yín ti ibi tí wọ́n ti ń tan án, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò yín, ẹ wọn iná wò, ẹ fi ọ̀pá ìdalẹ̀, èyí tó ń da iná tó ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀, kàn án, ẹ sì fi ọ̀pá náà sílẹ̀ níbẹ̀ títí ẹ ó fi parí.

Ti fáànù ló gbà mí ní ìrònú. Bí hílíọ̀mù bá tú, fáànù ni olùgbàlà. Àmọ́ ní J-PARC, iléeṣẹ́ accelerator kan ní Tokai, ilẹ̀ Japan, lọ́jọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2013, bíìmù tó yẹ kó rọra jáde fún ìṣẹ́jú-àáyá 2 jáde lẹ́ẹ̀kan náà láàárín ìdá 5 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Góòlù tí wọ́n fi dúró de bíìmù gbóná débi tó bàjẹ́, ohun olóró sì tú sínú gbọ̀ngàn. Áláàmù ké. Wọ́n pa á, wọ́n sì tún tan bíìmù. Nígbà tí ìtànṣán ń pọ̀ sí i nínú gbọ̀ngàn, wọ́n tan fáànù kó lè dín kù, fáànù sì fẹ́ ẹ síta. Èèyàn 34 ni ìtànṣán kàn. Ẹni tó gbà jù gba 1.7 millisievert, kò sì tó ohun tó ń pààyàn lára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni wọ́n tó sọ fún ìjọba àti àwọn ará àdúgbò. Ohun tó dùn wọ́n jù nìyẹn, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn yìí ni a ti kọ ọ́ sára bọ́tìnì fáànù kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ wa: ìgbà wo ni kí a tàn án, ìgbà wo ni a kò gbọdọ̀ tàn án, ta ni ẹ ó kọ́kọ́ pè. Èèyàn kì í lè ronú irú èyí nígbà tí áláàmù bá ń ké.

Omi náà kì í pariwo. Bíìmù máa ń sọ omi atútùú àti ilẹ̀ tó yí ihò ká di olóró, trítíọ̀mù, ìyẹn háídrójìn tó ní ìtànṣán, sì wà lára ohun tó ń dá sílẹ̀. Kò sí asẹ́ tó lè mú un, nítorí ara omi gan-an ló ti di. Ọdún 12 lé díẹ̀ ló fi ń dín sí ìdajì. Ní Brookhaven, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1999, wọ́n rí trítíọ̀mù nínú omi abẹ́ ilẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní g-2. Òjò ló ń gba inú ilẹ̀ tí bíìmù ti kàn kọjá, tó ń fọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ní láti bo ibẹ̀ kí òjò má baà wọlé mọ́. Nítorí náà, bí òjò ńlá bá ti dá, mo máa ń jáde lọ rìn lórí òkìtì tó bo ihò wa, mo ń wo ibi tó sán, mo ń wo ibi tí omi dúró sí.

Bí a bá ń kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń wo inú ihò, mo máa ń lọ fi akoto pupa kan pamọ́ síbẹ̀ ṣáájú, n kì í sì í sọ fún wọn. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń tẹ gbogbo bọ́tìnì jáde láìrí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan pẹ́ nínú ihò débi tí àwọn yàrá ìdarí fi pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó jáde, akoto náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, eruku sì ti kun sòkòtò rẹ̀ láti orúnkún dé ilẹ̀.