Ráútà màmá mi ò tíì kú

Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni mo lọ kí màmá mi n'Ìbàdàn, mi ò tíì mu omi tán tí wọ́n fi sọ fún mi pé ọmọkùnrin kan tó wá tún kéébù íntánẹ́ẹ̀tì wọn ṣe ní kí wọ́n ju ráútà tó ń fún ilé ní wifi nù, ó ní ó ti gbó, kí wọ́n lọ ra tuntun. Wọ́n wá ń wò mí lójú.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

Mo ní rárá mà.

"Àbí iná ẹ̀ ò tàn mọ́?"

Ó ń tàn mà.

"Àbí wifi ẹ̀ ò dé yàrá mọ́?"

Ó ń dé ibẹ̀ dáadáa mà.

"Kí ló wá ṣe é?"

Mi ò rí èsì gidi fún wọn lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn mí, torí mo mọ ẹni tó ń bi mí. Aránṣọ ni màmá mi. Maṣíìnì tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, wọn ò tíì bí mi nígbà tí wọ́n rà á, ó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Tí bẹ́líìtì ẹ̀ bá já, wọ́n á rán èèyàn lọ sí Ògùnpa, wọ́n á rí òmíràn rà. Bàbá kan wà tó máa ń wá fi ọ́ìlì sí i, á tú u palẹ̀, á nù ún, á tò ó padà, bàbá yẹn ò sì ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tó ṣe maṣíìnì rí láyé ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé nǹkan tí ò tíì pé ọdún mẹ́wàá, tí iná ẹ̀ ń tàn, tó ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe, pé ó ti parí?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbé ráútà yẹn wálé ní Kérésì 2016, wọ́n ra òmíràn sílé tiwọn wọ́n sì ní kí èyí má lọ ṣòfò. Ráútà gidi ni, 16MB ni ibi tó ń tọ́jú nǹkan pamọ́ sí, RAM ẹ̀, mẹ́mórì tó fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 128MB, èríà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Èmi náà wọ sáìtì ilé iṣẹ́ tó ṣe é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, update tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ti pẹ́ gan-an, látìgbà yẹn wọn ò ṣe nǹkan kan sí i mọ́. Ohun tí ọmọkùnrin yẹn ń sọ nìyẹn, kò kàn mọ bó ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ ni.

Inú ráútà, kọ̀ǹpútà kékeré ló wà ńbẹ̀, firmware sì ni sọ́fítíwíà tó ń darí ẹ̀. Èèyàn ló kọ ọ́, àṣìṣe ò sì lè ṣàì wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn, àmọ́ ó lè pẹ́ gan-an kí àṣìṣe náà tó hàn. Ẹ wo WPA2 tí gbogbo wa fi ń ti wifi wa, wọ́n ti ń lò ó láti 2004, oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni ọ̀mọ̀wé kan ní Belgium, Mathy Vanhoef, wá sọ fáráyé pé ibì kan wà tí èèyàn lè gbà wọ inú ẹ̀, wọ́n pè é ní KRACK. Fóònù àti láptọ́ọ̀pù ló kàn jù, àmọ́ ó kan ráútà tí wọ́n fi ń gbé wifi ẹlòmíì síwájú náà. Ẹni tó ní update, wọ́n bá a dí ihò yẹn. Ẹni tí ò ní, ihò yẹn ṣì wà lára ẹ̀ títí dòní. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́, update ni símẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń dí ẹnu ògiri, ohun tí ilé iṣẹ́ sì ń sọ tí wọ́n bá ní àwọn ò ṣe update mọ́ ni pé àwọn ò po símẹ́ǹtì mọ́, ògiri á sì máa sán lọ ní tiẹ̀.

Ibi tí ráútà ti yàtọ̀ sí maṣíìnì màmá mi nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa jókòó sí ìlú òkèèrè kó máa wá bóun ṣe máa wọ inú maṣíìnì ìránṣọ. Ẹnu géètì ni ráútà dúró sí, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀, àwọn tó ń kàn án ò sì mọ ẹni tó ń gbé inú ilé náà, wọn ò fẹ́ mọ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń kàn án lọ láti ilé dé ilé. Oṣù karùn-ún ọdún 2018, àwọn Cisco Talos tó ń ṣọ́ ààbò kọ̀ǹpútà kéde pé sọ́fítíwíà burúkú kan tí wọ́n ń pè ní VPNFilter ti wọ inú ẹ̀rọ tó tó 500,000 ó kéré tán, ní orílẹ̀-èdè tó tó 54, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ ráútà inú ilé, débi tí FBI fi ní kí gbogbo ẹni tó bá ní ráútà nílé pa á kó sì tún tàn án padà. Oṣù kìíní 2024, ìjọba Amẹ́ríkà tún ní àwọn gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti lọ yọ nǹkan burúkú kan kúrò nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ráútà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ Cisco àti Netgear tí wọn ò ṣe update fún mọ́, wọ́n sì sọ ọ́ síta fúnra wọn pé tí onílé bá fi lè pa ráútà yẹn kó tún un tàn, ilẹ̀kùn tún ti ṣí nìyẹn. Torí wọ́n yọ aláǹgbá ni, wọn ò dí ògiri. Mi ò tíì lo oṣù kan kúrò n'Ìbàdàn tí FBI tún fi kéde òmíràn ní oṣù karùn-ún 2025, pé àwọn gbéwiri ń wọ inú ráútà àtijọ́, wọ́n ń sọ ọ́ di ọ̀nà tí wọ́n ń tà fún àwọn ọ̀daràn kí wọ́n lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Linksys àtijọ́ bíi E1200 àti E2500 àti WRT310N wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ. Ẹ bá mi rò ó o, ẹni tó ń jalè wà níbòmíì, àdírẹ́ẹ̀sì ilé ìyá arúgbó kan ló ń hàn.

Nítorí náà mi ò bá ọmọkùnrin yẹn jà, ewu tó rí, òótọ́ ni. Ibi tí mi ò ti gbà fún un ni pé kí wọ́n jù ú nù.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ráútà mọ̀. Òpin ọdún 2002 ni Linksys gbé WRT54G jáde, ráútà dúdú àti búlúù tó ní èríà méjì yẹn, ọ̀pọ̀ yín ti rí i rí. Ọdún 2003 ni Cisco ra Linksys. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ẹnì kan tú firmware ẹ̀ wò, ó wá kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà Linux pé kóòdù yín, ohun tí ẹ̀yin kọ, ló wà nínú nǹkan yìí o. Ọ̀fẹ́ ni Linux, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, àmọ́ ìwé àdéhùn GPL tó ń bá a rìn sọ pé tóo bá fi ṣe nǹkan tóo sì ń tà á, dandan ni kóo jẹ́ kí ẹni tó rà á rí kóòdù ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà sì ṣe gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá ló yà mí lẹ́nu jù, Broadcom ló ta chip, CyberTAN ní Taiwan ló ń kọ firmware fún Linksys, Cisco wá ra Linksys, gbogbo ẹ̀ wá bọ́ sọ́rùn ẹni tó dé kẹ́yìn. Wọ́n gbé kóòdù náà síta nígbẹ̀yìn. Inú kóòdù yẹn ni OpenWrt ti jáde ní 2004, firmware ọ̀fẹ́ tí èèyàn lè gbé sínú ráútà dípò ti ilé iṣẹ́, táwọn tó ń ṣe é sì ń ṣe update fún un títí dòní. Ibẹ̀ náà ni irú ẹ̀ míì, DD-WRT àti Tomato, ti ṣẹ̀. Nígbà tó di 2005 wọ́n ṣe WRT54G v5, ẹ̀dà karùn-ún, wọ́n yọ Linux kúrò, wọ́n gé mẹ́mórì ẹ̀ sí ìdajì, àwọn èèyàn pariwo, Linksys wá ṣe òmíràn tí wọ́n pè ní WRT54GL, tí Linux padà sínú ẹ̀, ó sì lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n fi ń tà á. Ráútà tó ti dàgbà báyẹn, àwọn tó rà á ló ní àwọn ṣì fẹ́ ẹ.

OpenWrt yìí náà ni mo fi sínú ráútà màmá mi.

Kí n tó ṣe nǹkan kan mo yí ráútà dojú bolẹ̀, mo ka ohun tó wà lára ìwé abẹ́ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú fo ibí yìí, orúkọ kan náà lè wà lára páálí, kó jẹ́ pé v2 àti v5 ò jọra nínú rárá, chip ọ̀tọ̀ mẹ́mórì ọ̀tọ̀, tẹ́ ẹ bá gbé firmware ọ̀kan sínú ìkejì, ráútà lè kú pátápátá. Mo wò ó lórí sáìtì OpenWrt, ó wà ńbẹ̀, mo wa fáìlì ẹ̀ jáde, mo fi sha256, nọ́ńbà tó ń fi hàn bí fáìlì bá ti yí padà, yẹ̀ ẹ́ wò pé ó pé. Kéébù ni mo fi so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, mi ò lo wifi. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni iná. Tí iná bá lọ láàárín ìgbà tó ń kọ firmware tuntun, ẹ ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn, àfi tẹ́ ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń di bọ́tìnnì reset mú kẹ́ ẹ fi TFTP, ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbé fáìlì gba inú kéébù, gbà á padà, n'Ìbàdàn sì rèé, iná kì í dágbére. Mo gbé e sórí inverter, mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan súwíìṣì kankan, màmá mi náà ti maṣíìnì wọn tì, wọ́n wá jókòó tì mí. Iná ráútà ṣẹ́jú, ó kú, ó tún ṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni, àmọ́ ó gùn lójú mi.

Nígbà tó dìde, wifi ò sí. Ẹ má fòyà tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, bí OpenWrt ṣe máa ń dé nìyẹn, ẹ máa wọ àdírẹ́ẹ̀sì ráútà, 192.168.1.1, pẹ̀lú kéébù, ẹ fún un ní password tuntun, ẹ yan orílẹ̀-èdè yín, kẹ́ ẹ tó tan wifi. Mo fẹ́ fi WPA3 tó tuntun ju WPA2 lọ sí i àmọ́ fóònù màmá mi ò gbé e, mo fi WPA2 sílẹ̀ fún wọn. Mo tún fi SQM sí i, èyí ló máa ń jẹ́ kí gbogbo ilé pín íntánẹ́ẹ̀tì láì jẹ́ kí ẹnì kan gba gbogbo ọ̀nà. Tẹ́lẹ̀, táwọn ọmọ àbúrò mi bá ti ń wo fídíò, ohùn màmá mi á máa gé lórí WhatsApp, ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham á máa pariwo "mi ò gbọ́ yín mà, mi ò gbọ́ yín". Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, àwọn ọmọ sì ń wo fídíò wọn. Ráútà tí wọ́n ní kí wọ́n jù nù ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa ju ọjọ́ tó dé lọ.

Kì í ṣe gbogbo ráútà ni wọ́n lè gbà là o, mi ò ní tan yín. Láti OpenWrt 21.02 ní ọdún 2021, ẹ̀rọ tí ò bá ní 8MB láti fi tọ́jú nǹkan àti RAM 64MB ti bọ́ sẹ́yìn, WRT54G fúnra ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ò lè gbé e mọ́. Linux ń tóbi sí i, mẹ́mórì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ráútà ò lè tóbi. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé ẹni tó ta chip ò gbé kóòdù wifi ẹ̀ síta rárá, kò sẹ́ni tó lè bá yín tún irú yẹn ṣe. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Tí ilé iṣẹ́ bá ti ní àwọn ò tọ́jú nǹkan mọ́, kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀. Bàbá tó ń fi ọ́ìlì sí maṣíìnì ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní UK, láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 2024, òfin ti wà pé ẹni tó bá ń ta irú ẹ̀rọ báyìí gbọ́dọ̀ sọ títí di ìgbà tóun máa fi ṣe update fún un, wọn ò sì gbọdọ̀ fi password kan náà sí gbogbo ẹ̀. Ti European Union máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi ní oṣù Kejìlá 2027, ọdún márùn-ún ó kéré tán ni wọ́n ní kí wọ́n fi máa ṣe update, àfi tí nǹkan náà ò bá ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ojú àwa tí à ń ra tòkunbọ̀ ni mo fi ń wò ó. Tí ọdún márùn-ún bá pé ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà yẹn gan-an ni ráútà ń wọ ọkọ̀ bọ̀ nílé. Mo ti dúró ní Computer Village n'Ìkẹjà, mo wo òkìtì ráútà tòkunbọ̀ lórí tábìlì, iye owó nìkan ló wà lára wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ yí i dojú bolẹ̀, ẹ fi fóònù yín wò ó lórí sáìtì OpenWrt kẹ́ ẹ tó fún wọn lówó.

Kí n tó kúrò n'Ìbàdàn mo gé bébà kékeré kan, mo kọ "OpenWrt 24.10, oṣù kẹrin 2025" sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ráútà, torí bàbá tó ń tún maṣíìnì ṣe náà máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tó wá sára igi ẹ̀. Màmá mi gbà á, wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n kà á.

"Tó bá tún di pé ó fẹ́ òmíràn, tó ò sì sí nílé ńkọ́?"

Mo gba ráútà padà lọ́wọ́ wọn, mo pe àbúrò mi wọlé, mo fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án láti ìbẹ̀rẹ̀, mo wá kọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀ sí abẹ́ ohun tí mo kọ sára bébà yẹn.