Àyẹ̀wò ọdún mi: ìyá àgbà Kyoto àti ìkíni wọn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú òpin ọdún o, ẹ sì kú ìmúra ọdún tuntun. Iṣẹ́ tí mò ń lé látèṣí ò bọ́ sí i, mọ́tò mi náà wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ti oṣù kẹrin tí mo lọ sí Japan ni mo fẹ́ sọ, torí òun ló gbà mí lọ́kàn jù lọ́dún yìí, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo sì fi kó owó ẹ̀ jọ.

Gbogbo èèyàn ló ń royìn réluwéè Shinkansen wọn fún mi, èyí tó ti ń sáré láti 1964, lóòótọ́ ó yára bí àṣá, àmọ́ àwọn tó ń gbálẹ̀ inú ẹ̀ ní Tokyo lèmi ń wò ní tèmi. Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n tẹrí ba fún àwa èrò, wọ́n wọlé, nígbà tó fi máa tó bí ìṣẹ́jú 7 wọ́n ti tún gbogbo ẹ̀ ṣe tán.

Ní Kyoto, ilé ìyá àgbà kan tó ń gba àlejò ni mo dé sí. Bí mo ṣe bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà báyìí ló ti ń kọ́ mi, á sọ ọ́ sínú fóònù kó lè túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Tó o bá fẹ́ wọlé onílé wàá ní "ojama shimasu", pé mo fẹ́ wá yọ yín lẹ́nu o. Mo ní háà, àgò onílé rèé! Tí mo bá ń jáde, "itte kimasu", mò ń lọ mò ń bọ̀, tí mo bá dé, "tadaima", màmá á dáhùn látinú ilé ìdáná, "okaeri", káàbọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹ kú iṣẹ́, "otsukaresama" ni wọ́n ń pè é.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ń bó èèhù ọparun tó ti sè, èèpo ẹ̀ ń ṣí ní ìpele-ìpele bíi háríhá àgbàdo, mo bá a bó o. Ó gé àárín ẹ̀ tó funfun, tó rọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi, mo kúnlẹ̀ gbà á, lòun náà bá tẹrí ba.

Mo lọ sí Hiroshima fún ọjọ́ kan péré. Nínú mùsíọ́ọ̀mù ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà tó ti dípẹtà pátápátá, ti ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí bọ́ǹbù átọ́míìkì tí Amẹ́ríkà jù sí ìlú náà ní 6 August 1945 pa ni, bàbá ẹ̀ sin kẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú ẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ó di 1985 kó tó hú u jáde. Ọmọ àbúrò mi náà ò ju ọdún mẹ́ta lọ, kẹ̀kẹ́ ló sì fi ń da pálọ̀ wa rú. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi kúrò níbẹ̀. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pàtẹ́wọ́ pọ̀, ó tẹrí ba fún kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹ kú ìrọ́jú ló bọ́ lẹ́nu èmi, mi ò mọ ẹni tí mò ń kí, bóyá bàbá yẹn ni.

Lọ́jọ́ tí mo kúrò ní Kyoto òjò ń rọ̀, ìyá àgbà gbé agbòjò jáde, ó ń tẹrí ba títí mo fi yà ní kọ́nà. Mo ti rò pé "sayonara", ó dìgbóṣe, ló máa sọ, àmọ́ "itterasshai" ló ní, lọ kó o bọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọ inú ilé. Mo ní ó dàbọ̀ mà, ní Yorùbá. Látoṣù karùn-ún ni mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kówó jọ.